Páànù Tó Wà Láyà Igi Apá

Ẹ fa àga yín sún mọ́ mi, ẹ̀yin ará ilé, kí ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́ yára wú u báyìí, nítorí tí mo bá bẹ̀rẹ̀ tán n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni já lu ọ̀rọ̀ mi. Èmi Ọdẹ́jìnmí ni mò ń sọ̀rọ̀, èmi tí ẹfọ̀n gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi tó yà fún mi lọ́nà, èmi tí mo sùn sórí igi nígbà tí ẹkùn ń rìn yípo ìdí rẹ̀, tí mo sì ń hanrun. Ẹ mọ̀ pé n kì í parọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Gbogbo igbó tí mo ti wọ̀ rí ni mo ti ròyìn fún yín, àfi ẹyọ kan. Ìdí tí n kò fi sọ ọ́ ni pé bí mo bá ti rántí rẹ̀ ni itọ́ máa ń kún mi lẹ́nu, kì í sì í ṣe itọ́ ẹni tí oúnjẹ ń wù, itọ́ ẹni tó fẹ́ bì ni. Igbó náà kò ní ẹkùn. Kò ní ejò tó tó nǹkan. Òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n tẹ́ sójú ọ̀nà inú rẹ̀, wọ́n sì gbé bẹ́ǹṣì síbẹ̀ kí ó má baà rẹ àwọn tó ń kọjá. Ọgbà Igi ni wọ́n ń pè é, ibẹ̀ gan-an ni ó sì ku díẹ̀ kí n ti di ọdẹ ọlọ́wọ́ kan.

Ọmọ mi Ọdẹ́bùnmi, èyí tó ń gbé ní ìgboro, ló mú mi lọ. Mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà tí àyà ń dùn mí, dókítà sì ti ní kí n máa rìn díẹ̀díẹ̀ níbi tí atẹ́gùn bá ti dára. Ni ọmọ mi bá ní, "Bàbá mi, ẹ jẹ́ ká lọ gbafẹ́ ní Ọgbà Igi. Ó tóbi, ó dákẹ́ rọ́rọ́, kò sì sí irú igi ilẹ̀ wa tí wọn ò gbìn síbẹ̀."

Mo ní, "Gbafẹ́ kẹ̀? Nínú igbó?"

Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀yin náà, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá wọ igbó, ẹran ló ń wá, tàbí ewé, tàbí kó jẹ́ pé ìyàwó rẹ̀ ló ń sá fún. N kò rí ẹni tó wọ igbó tó ń wá afẹ́ rí láyé mi. Ṣùgbọ́n ọmọ ni, mi ò sì fẹ́ bà á nínú jẹ́. Mo wọ gbérí ọdẹ mi, mo gbé àpò kọ́ èjìká, mo mú ìbọn, a sì wọ mọ́tò rẹ̀.

Ní ẹnu géètì, ọmọbìnrin kan tó wọ aṣọ aláwọ̀ ewé jókòó nídìí tábìlì. Ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa, n kò ní bà á lórúkọ jẹ́, ṣùgbọ́n ó ní, "Ẹ má bínú, bàbá, ẹ ò lè gbé ìbọn wọlé." Mo bi í pé ta ni yóò wá gbà mí sílẹ̀ tí nǹkan bá kọ lù mí nínú igbó. Ó ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀, igi nìkan ni. Mo lọ fi ìbọn sínú mọ́tò ọmọ mi, ara mi sì rí bíi ti ẹni tí wọ́n bọ́ ṣòkòtò rẹ̀ lójú ọjà. Ọmọbìnrin náà mú bébà pélébé kan tó ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn, ó ní gbogbo àlejò ló gbọ́dọ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́ àyà. "Kí ni kí n kọ síbẹ̀, bàbá?" Mo ní, "Níbi tí mo ti wá, kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ mi tán. Ọdẹ ni wọ́n ń pè mí. Tí o bá ti kọ Ọdẹ, ó ti parí, ayé á mọ̀." Ó kọ ọ́ gàdàgbà-gadagba, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ mi láyà, mo sì gbé àyà náà síwájú bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ joyè. Fóònù ni ọmọ mi ń gbọ́ nígbà náà, kò wo ọ̀dọ̀ wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé bébà yẹn.

Bàtà gogoro ni Ọdẹ́bùnmi wọ̀, kò lè rìn jìnnà. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, ó sì ki omi inú ike àti mẹ́ẹ̀tì páì kan bọ inú àpò mi. Ó ní, "Ẹ rọra rìn yíká o, bàbá mi. Tí ẹ bá gbọ́ agogo, wọ́n fẹ́ ti géètì nìyẹn." Bí mo ṣe dágbére fún un nìyẹn, ní ọ̀sán gangan, èmi tí mo máa ń dágbére fún ilé bí ẹni tí kò ní padà.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ojú mi rí nǹkan. Wọ́n gbin igi sórí ìlà bí ọmọ iléèwé tó ń dúró de olùkọ́. Ìrókò dúró ti ọ̀mọ̀, ọ̀mọ̀ dúró ti arère, kò sí èyí tó wo ojú ìkejì rẹ̀. Wọ́n gbá ewé kúrò lábẹ́ wọn títí ilẹ̀ fi ń dán. Mo fa imú kí n gbọ́ òórùn ẹran, kí n gbọ́ òórùn ewé tó ti rà mọ́lẹ̀. Òórùn ọṣẹ ìfọlẹ̀ ló wọ̀ mí nímú. Igbó tó ń rùn bíi balùwẹ̀! Ó rí mi lára débi pé mo tutọ́ sílẹ̀. Ọkùnrin kan àti ìyàwó rẹ̀ ń bọ̀ níwájú mi. Ọkùnrin náà wo àyà mi, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Mo rò pé ẹ̀rù ọdẹ ló bà á. Mo tún àyà gbé sókè sí i.

Èyí tó wá burú jù ni páànù. Wọ́n fi ìṣó kan páànù mọ́ igi kọ̀ọ̀kan láyà, wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ sí i. IROKO. ARERE. Èyí tí wọ́n kàn mọ́ ọ̀mọ̀, OMO ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ọmọ ta ni? Èmi náà mọ̀wé díẹ̀ o. Kíláàsì àwọn àgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti kọ́ ọ, ìwé tí wọ́n sì fi kọ́ mi, gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ló dé àmì lórí bí ẹní dé fìlà. Ti ibí yìí, gbogbo wọn ló ṣí orí sílẹ̀. Mo ń lọ, mo ń kà á, inú mi ń ru, títí mo fi dé ìpẹ̀kun ọgbà níbi tí kò ti sí èrò mọ́, ibẹ̀ ni mo ti bá igi apá kan pàdé.

Kò sí ibi tí n kò ti lè dá apá mọ̀. Èépo rẹ̀ ń ṣí bí ara ẹni tí ẹ̀fúùfù ọyẹ́ fẹ́ lù, èso rẹ̀ dúdú, ó sì dé fìlà pupa láti inú ìyá rẹ̀ wá. Ẹ sì mọ àwọn tí wọ́n máa ń ṣèpàdé lórí apá, n kò ní dárúkọ wọn nígbà tí àwọn ọmọ wà níbí. Nínú igbó tiwa, kò sí ọdẹ tó jẹ́ fara ti apá láìkọ́kọ́ kí i. Wàá pè é lórúkọ, wàá sọ fún un pé o ń kọjá lọ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wá wo ohun tí wọ́n sọ igi yìí dà. Ṣingọ́ọ̀mù tí wọ́n ti jẹ tán wà lára rẹ̀ jákèjádò. Wọ́n ki ọ̀rá omi bọ inú ihò rẹ̀. Àwọn tó ń fẹ́ra wọn ti fi ọ̀bẹ gbẹ́ orúkọ sí i lára, ẹnì kan sì ti tọ̀ sí i nídìí, ó ń rùn. Níbi tí ìṣó ti wọlé, oje ń ṣàn jáde bí ọyún ojú egbò, ó gba orí páànù kọjá, APA ló sì wà lára páànù náà.

Mo rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. Mo ní, "Àpà! Àpà igi! Ìwọ tí àgbà ń kí kó tó kọjá, ìwọ náà lo dúró síbí tí ọmọdé ń lẹ itọ́ mọ́ lára." N kò kí i. Mo rò pé igi tí wọ́n fi okùn wọn ilẹ̀ fún kí wọ́n tó gbìn ín, kò lè ní ẹnì kankan nínú. Mo na apá ọ̀tún mi, mo fi tì í kí n lè mí díẹ̀. Apá náà kò kúrò níbẹ̀ mọ́.

Mo fà á, kò wá. Òtútù bẹ̀rẹ̀ láti ọmọ ìka, ó gun ìgbọ̀nwọ́, ó dé èjìká, n kò sì mọ̀ ọ́n lára mọ́. Èépo tó wà lábẹ́ páànù náà wá là sí méjì bí ètè, ojú la lókè rẹ̀, ohun tó wà nínú igi sì yọ orí. Mo ti rí iwin tí ojú rẹ̀ wà ní ìpàkọ́, mo ti bá ẹbọra jókòó ti iná kan náà, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó kó mi nírìíra tó eléyìí. Ọwọ́ rẹ̀ pọ̀ bí ẹ̀ka, ọwọ́ kọ̀ọ̀kan sì ń já èso tí kò tíì gbó, ó ń jù ú nù sẹ́yìn láìwò ó. Àpá bo ara rẹ̀, ọyún ń kán láti ẹnu rẹ̀ sórí bàtà mi. Èébì gbé mi, mo gbé e mì.

Mo ní, "Ta ni ọ́?"

Ó ní, "Ìwọ lo ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí. Àpà lo pè mí, mo ti di àpà nìyí, mò ń fi ọmọ mi ṣòfò, n kò sì lè dá ọwọ́ mi dúró. Láàárọ̀, obìnrin kan ka páànù yìí fún ọmọ rẹ̀, ó pè é ní àpá, ara mi sì là pẹ̀rẹ̀pẹ̀rẹ̀. Lánàá, ọkùnrin kan wá, ó pín in sí méjì, ó ní 'A pa.' Mo kú síbí títí ẹlòmíràn fi wá kà á. Ohun tí wọ́n bá kà ni mo ń dà."

Mo ní, "Ó ṣe mí láàánú. Fi apá mi sílẹ̀."

Ó ní, "Apá wo? Èmi ni apá. Ọjọ́ tí mo bá padà di apá ni ìwọ náà yóò ní apá. Bí agogo géètì bá dún tó sì dákẹ́ tí mo ṣì jẹ́ àpà, mo ti mú tìrẹ nìyẹn, kí n lè máa fi í ju èso mi nù."

Ẹ̀rù bà mí, n kò ní tàn yín. Kì í ṣe ikú ni mo bẹ̀rù, mo ti jókòó ti ikú rí. Apá ọ̀tún mi ni. Òun ló ń gbé ìbọn sí èjìká, òun náà ló ń fa ìbọn yìn. Bí ó bá lọ, kí ni mo kù sí? Ìdí ìkòkò ọbẹ̀ ni n óò máa jókòó sí, tí àwọn ọdẹ mìíràn yóò máa kọjá lójú mi lọ sígbó, tí wọ́n á máa kí mi bí ẹni ń kí aláìsàn. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í dúnàá-dúrà. Mo fi ọwọ́ òsì yọ mẹ́ẹ̀tì páì, mo ní kó gbà á kó fi mí sílẹ̀. Ó gé e jẹ, ó dúró.

Ó ní, "Kí ni wọ́n ń pe eléyìí?"

Mo ní, "Mẹ́ẹ̀tì páì ni. Wọ́n ní ẹran wà nínú rẹ̀."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Àwọn tó ṣe é ni."

Ó pọ̀ ọ́ sórí gbérí mi, pẹ̀lú oje, pẹ̀lú ọyún. Títí di òní, bí wọ́n bá gbé mẹ́ẹ̀tì páì kọjá níwájú mi, mo máa ń dìde kúrò níbẹ̀ ni.

Ó wá ní, "Ó dáa, n óò ràn ọ́ lọ́wọ́. Ohun kan wà lórí mi nígbà tí wọ́n bí mi. Wọ́n mú un kúrò, orí mi ò fọ́, ẹ̀jẹ̀ ò jáde, ṣùgbọ́n ará ilé mi ò dá mi mọ̀ mọ́. Kí ni?"

Mo wo èso rẹ̀, mo ní, "Fìlà pupa ni." Èépo igi la ẹnu, ó gbé ọwọ́ mi mì dé ọrùn ọwọ́. Mo ní, "Ewé ni." Ó gbé e mì dé ìgbọ̀nwọ́. Mo ń gbọ́ bí nǹkan ṣe ń lá mi lára nínú ibẹ̀, ó tutù, ó ń yọ̀, bí ahọ́n màlúù. Ara mi bù máṣọ. Igi náà mí kanlẹ̀, èémí náà sì gba ihò ara rẹ̀ jáde, ó dún bíi súfèé: ohùn àárín, ohùn òkè.

Ibẹ̀ ni ojú mi là. Ẹ̀yin ọdẹ tó wà níbí mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. A kì í fi ẹnu pe ara wa lórúkọ nínú igbó, nítorí kò sẹ́ni tó mọ ohun tó máa jẹ́ ẹ. Súfèé ni a fi ń pera wa. Tí mo bá fẹ́ pe Àkànjí, mo máa súfèé sísàlẹ̀, sísàlẹ̀, lẹ́yìn náà sókè. Àjàní náà máa ń dáhùn nígbà mìíràn, nítorí ohùn orúkọ wọn bára mu, wọ́n sì ti tìtorí ẹ̀ jà rí. Súfèé tiwa ní ohùn, kò ní lẹ́tà, nítorí náà a ń pe Àkànjí, Àjàní ń yọjú. Páànù tiwọn ní lẹ́tà, kò ní ohùn, nítorí náà wọ́n ń pe apá, àpà ń yọjú. Mo ká ètè mi jọ, mo sì súfèé náà padà fún un, àárín, òkè. Gbogbo ọwọ́ rẹ̀ dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Èso kan tó ti jù sókè já bọ́ sílẹ̀, kò ju òmíràn mọ́.

Mo ní, "Ohùn rẹ ni wọ́n mú kúrò. Àmì orí Á tó kẹ́yìn ni."

Ó wá ní, "Kò sẹ́ni tó pè mí bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti kó mi débí. Ṣùgbọ́n tí o bá lọ, ta ni yóò máa súfèé? Páànù ni wọ́n ń kà." Ó ki ọwọ́ bọ àyà ara rẹ̀, ó fa ọ̀kan yọ nínú ìṣó tó wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìpẹtà, pẹ̀lú ọyún, ó fi lé mi lọ́wọ́ òsì. "Ìlà kan péré ló lè fà. Tí o bá fà á sí ibi tí kò yẹ, o ti sọ mí di ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí, ìwọ ni yóò sì kọ́kọ́ rí i, nítorí ọwọ́ rẹ wà lẹ́nu mi."

Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni agogo bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbìyànjú ọwọ́ òsì wò. Mo gbé ìṣó lé páànù, ọyún ń mú kó yọ̀. N kò rántí mọ́, ṣé apá ọ̀tún ni àmì òkè ń tẹ̀ sí ni, àbí apá òsì. Mo rí i pé bí ọwọ́ òsì mi ṣe fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ló fẹ́ gbé e gbà. Agogo sì ti ń falẹ̀, ó ti fẹ́ dákẹ́. Mo pa ojú dé. Mo súfèé orúkọ rẹ̀, nígbà tí súfèé náà gòkè, mo jẹ́ kí ọwọ́ bá a gòkè, gẹ́ẹ́, ìṣó ha páànù. Agogo dákẹ́. N kò lajú.

Nǹkan kan tu apá mi jáde. Bẹ́ẹ̀ ni, ó tu ú bí ẹní tu egungun ẹja. Nígbà tí mo lajú, igi ni mo rí, igi gbajúmọ̀, ó ga, ó tutù, gbogbo àpá ara rẹ̀ sì ti ń bó sílẹ̀ bí ìpẹ́. APÁ ló wà láyà rẹ̀. Apá tèmi náà wà lára mi, itọ́ bò ó láti ìka dé ìgbọ̀nwọ́, ó ń rùn bí ìdí igi yẹn, ṣùgbọ́n ó wà láàyè, ó ṣeé gbé. Mo fi àwọn ìka rẹ̀ fa ìbọn tí kò sí níbẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, omi sì bọ́ lójú mi. Mo kí igi náà bó ṣe yẹ kí n ti kí i látìbẹ̀rẹ̀. Mo yí padà kí n máa lọ.

Ó ní, "Ó dàbọ̀, ọ̀dẹ̀."

Mo dúró. Mo ní, "Lẹ́yìn gbogbo ohun tí mo ṣe fún ọ, ọ̀rọ̀kọ́rọ̀ lo fi ń sìn mí? Èébú lo fi ń san án?"

Ó ní, "Mi ò bú ọ. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ni mo kà á."

Kò yé mi, n kò sì ráyè bi í, nítorí àwọn igi yòókù ti gbọ́. Gbogbo ìlà náà ń wúkọ́ bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ọ̀mọ̀ ní, "Bàbá, ọmọ ta ni mí?" Arère ní, "Tèmi ńkọ́, bàbá, ẹ fà á fún èmi náà." Gbòǹgbò ń wú lábẹ́ òkúta wẹ́wẹ́, oje ń ṣẹ́yọ láyà gbogbo wọn, wọ́n ń nawọ́ sí apá ọ̀tún mi. Mo wo ìṣó ọwọ́ mi, ó ti jẹ tán, ó kújú bí eyín arúgbó. Kí ni mo fẹ́ ṣe fún wọn? Èmi tí n kò sá fún ẹfọ̀n, mo sá fún igi tí wọ́n gbìn. Mo fo gbòǹgbò, mo tẹ ọ̀kan, ó fà mí ní bàtà, mo fi bàtà náà sílẹ̀ fún un. Wọ́n ti ti ìlàjì géètì nígbà tí mo fẹ̀gbẹ́ gba ibi tó kù jáde.

Ọdẹ́bùnmi dìde. Ó rí gbérí mi, ó rí ẹsẹ̀ òfìfo, ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ sì bọ́ sí àyà mi. Ó ní, "Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n yọ bébà yìí."

Mo ní, "Ó ṣe jẹ́? Iṣẹ́ mi ló wà níbẹ̀."

Ó ní, "Iṣẹ́ yín ni. Ṣùgbọ́n wọn ò fi àmì kankan sí i, wọn ò fi sísàlẹ̀, wọn ò fi sókè. Èèyàn lè kà á sí nǹkan mìíràn."

"Bíi kí ni?"

Ó wolẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin ni bàbá mi. Ẹnu mi ò lè pè é."

Mo wo àyà mi. ODE. Mo rántí ọkùnrin tó fi ọwọ́ bo ẹnu. Gbogbo ọ̀sán ni mo fi gbé e káàkiri, tí mò ń fi páànù igi ṣe yẹ̀yẹ́, tí mò ń gbé àyà síwájú kí wọ́n lè rí i dáadáa. Èébì tí mo ti ń gbé mì látọ̀sán wá bọ́ jáde níkẹyìn, mo bì í sẹ́bàá géètì wọn.

Ìtàn náà nìyẹn, ó kù síbi tí ẹ jókòó sí. N kò bẹ̀ yín ní ohun púpọ̀. Apá mi rèé, ẹ fọwọ́ kàn án. Kí n tó dìde, ẹ kàn pa ohùn pọ̀ kí ẹ pe ohun tí mo jẹ́, kí n fi etí ara mi gbọ́. Ẹ ṣeun. Ó ku ẹnì kan lẹ́yìn ògiri níbẹ̀ yẹn tó gbé ohùn rẹ̀ wálẹ̀ jù. Kó dìde dúró, kó tún un pè.